Kò Dúró Gbọ́ Èsì

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ọdún 2013, ọkọ̀ ojú irin pa ọmọ mi kan ṣoṣo. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Kì í ṣe tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bí kò ṣe ti ẹni tí ó fa ikú rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ́ndọ́kítọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Ọgbọ̀n ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Iléeṣẹ́ ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni mẹ́jọ péré ni yóò ríṣẹ́. Ọmọ mi, tí wọ́n ń pè ní Pásítọ̀ nítorí ìwàásù, wà ní ipò kẹrin. Ẹni tí mo ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní Kíákíá, wà ní ipò kẹsàn-án.

Kíákíá yá lọ́wọ́, ó sì mú lẹ́nu.

"Pásítọ̀, bá wa bẹ Olúwa rẹ kí iṣẹ́ mẹ́jọ di mẹ́sàn-án o."

"Iṣẹ́ nìkan lò ń sáré lé. Bó o bá kú lọ́la ńkọ́?"

"Kí n kú kẹ̀? Kí ikú tó dé, mo ti lọ!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn, méjìméjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ láti so kóòṣì, ìyẹn àwọn yàrá èrò ọkọ̀ ojú irin, pọ̀, tí olùkọ́ sì ń wo aago. Ẹnì kan á wọ àárín kóòṣì méjì láti fi ìkọ́ kọ́ wọn mọ́ra. Èkejì á dúró níta pẹ̀lú àsíá. Òfin rẹ̀ kò le. Ẹni tó wà láàárín gbọ́dọ̀ jáde, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kígbe pé, "Mo ti jáde!" kí àsíá tó gòkè. Bí àsíá bá ti gòkè, awakọ̀ á fa ọkọ̀ láti dán ìkọ́ wò.

Ọmọ mi wọ àárín kóòṣì, Kíákíá sì di àsíá mú níta. Kíákíá ń wo ipò kẹjọ. Ó rò pé ó ti tó àkókò tí ọmọ mi jáde. Kò dúró gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó gbé àsíá sókè.

Nígbà ìwádìí, ó ní, "Ó dá mi lóhùn." Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ mi ló tún padà wọ àárín kóòṣì. Àyè kan ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́jọ. Kíákíá ni wọ́n fi dí i.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ méje. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á kígbe pé òun ti jáde. Kíákíá á ní kó tún un sọ, á tún ní kó tún un sọ. Ó sá di ọtí, ọtí kò gbà á.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, kò dá mi lóhùn. Irọ́ ni mo pa."

Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ tì í. Ìyá ọmọ mi ló sọ̀rọ̀ láti inú ilé: "Baálé mi, ẹ jẹ́ ó wọlé."

"Bàbá, ṣé Ọlọ́run lè dárí ji irú mi?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó fún ọ," ni mo wí, ó sì korò lẹ́nu mi. "Ó tó fún èmi náà. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti parọ́, ibẹ̀ ni wàá ti sọ òtítọ́."

Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Kristi lórí ilẹ̀ yàrá wa. Ní ọjọ́ Ajé, ó lọ jẹ́wọ́ ní iléeṣẹ́. Wọ́n gba aṣọ lára rẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbà á mọ́. Ẹrù ló ń rù báyìí. Ó ń rí oorun sùn.

Ìwọ tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ, irọ́ wo ni o fi ṣe àkàbà dé ibi tí o wà? Àwọn ènìyàn lè gbà ọ́ gbọ́. Ọlọ́run kò bi wọ́n léèrè. Má sọ pé ó di ọ̀la. Ọmọ mi jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní òun ń bọ̀. Níbi tí o wà yìí, ronú pìwà dà, kí o sì ké pe Jésù.

Ohun tí ọmọ mi fi sílẹ̀ nìyí: bàtà iṣẹ́ tí kò tíì gbó, fèrè kan, ìyá rẹ̀, èmi, ìwé pélébé kan tí ó kọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sí, tí ó ń gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ti yí padà. Ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n.