Ìràwọ̀ Méjì Tí Vasiti Kò Kọ

"*Mo gbá ẹ létí*," ni Sereana tẹ̀ sórí fóònù, ó sì ń dá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilé wọn ní Levuka, níbi tó ti yẹ kó máa bó ẹ̀gẹ́.

Èsì dé kíákíá láọ̀dọ̀ Vasiti ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti ìlú Labasa ní erékùṣù mìíràn. "*Mo ṣubú, mo ń yí nílẹ̀*."

Bí òun àti Vasiti ṣe ń ṣeré nìyẹn láti ìgbà tí bàbá Vasiti ti kó o lọ síbẹ̀. Ohunkóhun tí ara ìbá ṣe, àárín àmì ìràwọ̀ méjì (*) ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n á dì mọ́ra wọn, wọ́n á ju bàtà lura wọn, wọ́n á kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù, wọ́n á kọ "*mi ò lè mí*".

Lọ́sàn-án Sátidé yìí, Sereana ń ròyìn tíṣà wọn tí afẹ́fẹ́ gba agboòrùn mọ́ lọ́wọ́, tó sì bẹ́ sókun tẹ̀ lé e.

"Mi ò lè mí," ni Vasiti kọ.

"*Mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ*."

"Rárá. Oògùn mi ti tán."

"*Mo wẹ òkun já, mo gbé oògùn dé*."

"Sere."

"*Mo ń la ẹnu ẹ*."

Vasiti kò fèsì mọ́. Sereana rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀bẹ.

"Ta lò ń bá tàkúrọ̀sọ tí ẹ̀gẹ́ ò fi kúrò lójú kan?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Vasiti ni, Màmá. Ó lóun ò lè mí."

"Vasiti tó ní ikọ́ fée?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Sereana. Ó tún fóònù wò. Kò sí ìràwọ̀ kankan lára ohun tí Vasiti kọ. Eré ti mọ́ ojú rẹ̀ lára débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń bá Vasiti fi ìràwọ̀ sí i lọ́kàn. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó pè é, kò gbé e. Bàbá Vasiti wà lóko ìrèké, òun náà kò gbé e. Ìyá Sereana pe ilé ìwòsàn Labasa.

"Wọ́n ní ilé wo ni. Àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé?" ni ó bi ọmọ rẹ̀.

Sereana kò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ló fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré lójoojúmọ́, kò béèrè rí.

"Kí la máa ṣe, Màmá?"

"Ṣáà máa pè é, ọmọ mi."

Ó ń pè é léraléra. Nígbà tó yá, bàbá Vasiti ló pè. Ó ní fóònù tó ń dún láìdákẹ́ ló mú aládùúgbò kan wọlé, ó sì bá ọmọ náà nílẹ̀.

"Ó wà nílé ìwòsàn. Kò tíì lajú," ni ọkùnrin náà sọ. "Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ síra yín. Sere, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo rò pé eré ni."

"Mo mọ̀."

Bí ẹnìkan bá ní ara ń ni òun, ẹ béèrè, ẹ pè é, ẹ pe àgbà, kí ẹ tó ṣẹ̀fẹ̀. Sereana ti mọ èyí báyìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi kò ní lọ sí Labasa títí di ọjọ́ Ajé, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó jókòó ti fóònù.