Gìtá Tó Sán Nínú Páálí Tó Dá Ṣáká

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé páálí náà dá ṣáká. Kò sí ibi tó tẹ̀, kò sí ibi tó ya, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ọjọ́rú ni awakọ̀ ilé-iṣẹ́ akẹ́rù gbé e wá. Mo fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, mo dúpẹ́, mo tilẹ̀ yìn ín pé ó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọ̀bẹ la páálí, tí mo kó fóòmù inú rẹ̀ kúrò, ojú gìtá náà ti sán, láti abẹ́ ihò àárín rẹ̀ títí dé ìdí. Mo gbọn páálí, mo gbọn fóòmù. Èérún igi kan ṣoṣo kò bọ́ sílẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì ẹ̀sùn ní ilé-iṣẹ́ omi. Ẹni tí omi rẹ̀ kò bá yọ, ẹni tí páìpù rẹ̀ bẹ́, èmi ni wọ́n ń wá bá. Gbólóhùn kan náà ni mo sì máa ń sọ fún gbogbo wọn: "Ẹ̀rí dà?" Bí ẹ kò bá ní fọ́tò, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú mi. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀rí lẹ́yìn mi, wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ni mo ra gìtá náà fún. Rédíò là ń pè é, nítorí láti ìgbà tó bá ti jí ni yóò ti máa sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ. Bí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, á máa kọrin fún abọ́ tó ń fọ̀. Bàbá rẹ̀ kú, ó di ọdún kẹrin báyìí, àtìgbà náà sì ni ohùn ọmọ náà nìkan ti kù nínú ilé wa. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kó fi ẹnu sinmi. Àmọ́ bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, èmi yìí kan náà ni n óò tún pè é pé kí ló ń ṣe. Gìtá tuntun ju agbára mi lọ, la bá wá àlòkù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin kan tó ń gbé níbi tó jìn gan-an ló ń ta tirẹ̀.

Mo ya fọ́tò méjìlá. Mo fi ìkíní ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. N kò tíì fi ìkejì ránṣẹ́ tí èsì rẹ̀ fi wọlé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Abẹ́ ihò rẹ̀ ló ti sán, àbí?"

Fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn, páálí nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, mo sì fojú fò ó, nítorí inú ń bí mi sí àwọn akẹ́rù, ẹni tínú ń bí kì í sì í wo ẹ̀yìn.

Ó tún kọ̀wé: "Àwọn akẹ́rù ò ní gba fọ́tò nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbé ẹnu sún mọ́ ihò yẹn, kó kùn sínú ẹ̀ bí ẹni tó ń kọrin láìlanu. Igi tó bá sán á máa gbọ̀n, ẹ sì máa gbọ́ ọ. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀. Wọn ò ní rí nǹkan kan jiyàn lé lórí."

Inú mi dùn. Mo ní níkẹyìn, mo rí ọkùnrin kan tó mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rí.

Rédíò jókòó nídìí fèrèsé, oòrùn ọ̀sán ń tàn sí i lẹ́sẹ̀, ó gbé gìtá náà lé itan. Mo gbé fóònù sókè. Ó tẹ orí ba, ó pa ètè dé, ó sì kùn. Igi náà kò gbọ̀n rárá. Ńṣe ló gbè é. Ohùn kan dáhùn láti inú rẹ̀, ó rọra, ó jinlẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin ní yàrá kejì. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan okùn. Mo sì rí i tí aṣọ fèrèsé rọra fẹ́ wọlé, sọ́dọ̀ ihò gìtá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn níta.

Rédíò fa orí rẹ̀ kúrò. "Màámi, ó mí."

"Kí ló mí?"

"Gìtá yìí. Ó fa èémí. Ó gbóná bí ẹnu èèyàn."

Mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò náà kí n lè fi hàn án pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbóná lóòótọ́. Ó sì rin. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ, n kò sì sọ fún un.

Kí n tó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́rù, mo wò ó. Nínú rẹ̀, Rédíò gbé ẹnu kúrò, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì ń kùn lọ. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ mì, mo mọ̀ pé "Màámi, ó mí" ló ń sọ, etí mi méjèèjì ló sì fi gbọ́ ọ lọ́sàn-án yẹn. Nínú fídíò, kò dún. Ohùn tèmi ló dún gbọnmọgbọnmọ: "Kí ló mí?" Mo sọ fún ara mi pé fóònù ti gbó.

Lọ́jọ́bọ̀, ohùn Rédíò há. Mo ní òtútù ni, mo fún un ní omi gbígbóná. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ń tiraka kó tó lè sọ "omi". Nígbà tó jí lọ́jọ́ Ẹtì, ó la ẹnu láti kí mi, kò sí nǹkan kan. Ó tún un là. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo gbé e dìde, a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tan iná sí i lọ́fun, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Kò sóhun tó ṣe ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, mà. Ó jọ pé kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ni."

Rédíò wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ẹkún náà kò sì dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tọ́mọ rí, ẹ bá mi rò ó wò: ọmọ ń ké níwájú yín, ẹ kò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbàgbé àpò mi sórí àga dókítà.

A délé, mo ń gbọ́ aago ara ògiri. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ra aago náà, n kò mọ̀ pé ó ń dún. Gìtá náà wà lórí àga ní yàrá ìgbàlejò, bí àlejò tó ń retí kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni èsì àwọn akẹ́rù ti bá mi: "Ohùn yín nìkan ló wà nínú fídíò yìí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tá a ti lè gbọ́ ọmọ náà ránṣẹ́." Mo ṣí fídíò náà. Òótọ́ ni. Kíkùn rẹ̀ pàápàá ti lọ. Èmi nìkan ni mò ń béèrè ìbéèrè nínú yàrá tó pa lọ́lọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo gbé gìtá náà, mo mú ọmọ mi dání, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Káfíńtà ni, àga ló ń kàn, àmọ́ ó máa ń tún gìtá àwọn olórin ṣe. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì iṣẹ́, ó ti dígí kékeré bọ inú ihò rẹ̀, ó tan iná sí i, ó sì fi èékánná tọ ibi tó sán.

"Ìyàwó, akẹ́rù kọ́ ló ṣe èyí o," ló wí. "Ọ̀bẹ ni wọ́n fi là á. Wo gọ́ọ̀mù létí ẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n tún ti là á, ó ju ìgbà mẹ́fà lọ. Bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ba ọjà ara ẹ̀ jẹ́ kó tó fi ránṣẹ́?"

"Ohun tí mò ń rò nìyẹn. Wo okùn ẹ̀, ó le gbagidi. Ẹni tó bá mọ gìtá, tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, á dẹ okùn ẹ̀ kó má bàa fà á ya. Ẹni tó fẹ́ kí ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ ni ò ní dẹ̀ ẹ́."

Bí àwọn káfíńtà ṣe máa ń ṣe, ó ká ìka kò, ó kan ojú gìtá náà kó lè gbọ́ bóyá àwọn igi inú rẹ̀ ṣì dì mú. Kó, kó.

"Màámi," ni gìtá náà wí.

Ohùn ọmọ mi ni. Rédíò di aṣọ mi mú. Ẹ̀gbọ́n rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí igi náà bí ẹni tó ń gbé e kúrò lórí ọmọ tó ń sùn. Ó fà wá sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà kó tó lanu, ohùn rẹ̀ kò sì ju èémí lọ.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀."

Fóònù gbọ̀n nínú àpò aṣọ mi. Ọkùnrin náà ni.

"Ṣé ó ti gba ohùn ọmọ yín?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé n kò sọ fún un rí pé mo bímọ. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i: kí lẹ fi ránṣẹ́ sí wa?

"Ó gba tèmi náà, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fọ́ ọ túútúú, ohùn tó wà nínú ẹ̀ á jáde. Bí mo ṣe rí tèmi gbà nìyẹn, mà. Ẹ ṣe kíá, kó tó gbàgbé ọ̀nà."

Ẹ̀gbọ́n ka ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn èjìká mi. "Pè é," ló sọ sí mi létí. "Tó bá ti gba tiẹ̀ lóòótọ́, jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹ̀ ná."

Mo pè é. Ó dún, ó dún, kò gbé e. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé: "Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ẹ̀rọ ń pariwo. Ẹ fọ́ ọ, mà."

"Fara balẹ̀, Ìyàwó. Bó bá jáde, ta ló sọ pé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀?"

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi tí mo ti lé arúgbó kúrò nídìí tábìlì mi nítorí fọ́tò kan ṣoṣo, n kò béèrè ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìlóhùn, ohùn rẹ̀ sì tún ń pè mí nínú igi, ó ń pè mí bó ṣe máa ń pè mí bó bá ń ṣàìsàn. Mo mú òòlù orí tábìlì. Mo là á mọ́ gìtá náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí. Kíkùn ọjọ́rú ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Màámi, ó mí." Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun tí ọmọ mi ti fẹ́ sọ láti ọjọ́bọ̀ tí kò lè sọ, ó ń tú jáde, ọ̀kan lórí èkejì: ọ̀fun ń dùn mí, Màámi, ẹ má sunkún, Màámi, ẹ gbàgbé àpò yín. Rédíò na ọwọ́ méjèèjì, ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Ohùn náà gba orí rẹ̀ kọjá. Kò dúró. Ẹ̀gbọ́n sáré sídìí fèrèsé, ó tì í gbàà, ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ ọ lókè òrùlé ilé kejì, ó ń lọ, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

"Sọ nǹkan," ni mo wí fún ọmọ mi. "Jọ̀ọ́, sọ ohunkóhun."

Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan.

Ìgbà náà ni fóònù mi dún. Ọkùnrin náà ló ń pè, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè mí nìyẹn. Mo gbé e sétí. Èémí ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó wá ha ọ̀fun, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ mi.

Mo wo Rédíò, ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ti ń dúró pẹ́ jù ló máa ń lọ. Ìyá kan ló fọ́ ọ nítorí ọmọ ẹ̀ tí kò lóhùn mọ́, ni tèmi bá lọ bá ẹlòmíì. Àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n dúró de ohùn ẹlòmíì. Ọdún mẹ́sàn-án, mà. Ọdún mẹ́sàn-án."

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bí i ni. Mo fẹ́ ṣépè fún un, mo ti la ẹnu, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣépè fún ohùn yẹn? Rédíò ti gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ etí, ó ń mi orí kíkankíkan kí ọkùnrin náà má pa fóònù.

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa igi náà, àti ńlá àti kékeré, títí kan àwọn tó bọ́ sínú èérún pákó, mo ń tò wọ́n sórí ìborùn mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ lè lẹ̀ ẹ́ padà?"

Ó gbé gọ́ọ̀mù wá sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà, ó lọ ti ilẹ̀kùn.