Fọ́tò Ohun Tó Ṣẹ́kù

Púpurú ti tutù nínú àwo, ọbẹ̀ ẹja ti dì, Jákọ́bù Olówòkéré kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Awoye, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lókè omi, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò ló ń wò.

"Bàbá Ọlọ́lá, ẹ jẹun," ni Ọmọ́lẹ́wà, ìyàwó rẹ̀, wí. "Àbí fọ́tò ti di ọbẹ̀ ni?"

Jákọ́bù tún fi ìka fa fọ́tò mìíràn wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe dé ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn, páìpù epo rọ̀bì kan bẹ́ nítòsí wọn, epo dúdú sì ya bo odò tí àwọn baba ńlá Jákọ́bù ti ń dẹ àwọ̀n. Àwọn ará ìlú gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti kó ẹ̀rí tí wọn yóò fi pe ilé iṣẹ́ elépo lẹ́jọ́ jọ, Adégbóyè sì ni alága. Nítorí pé fóònù Jákọ́bù ló ń ya fọ́tò tó hàn kedere jù, òun ni wọ́n ní kó máa wa ọkọ̀ káàkiri, kó máa ya gbogbo ohun tí epo bà jẹ́.

Jákọ́bù kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Ó ya ẹja tó kú, ó ya akàn tó kú, ó ya àwọ̀n tirẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi pé, fọ́tò inú fóònù rẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀ta, ohun abẹ̀mí kan ṣoṣo kò sí nínú wọn. Tó bá ti jí, àwọn fọ́tò náà ló ń kọ́kọ́ wò. Bí oorun ṣe sá fún un nìyẹn. Àyà rẹ̀ a kàn máa já, ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ pàápàá sì ń ni ín lára.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń bá òkun jà láti kékeré, ta ni yóò lọ bá pé ẹ̀rù ń ba òun? Jákọ́bù dákẹ́. Ó lọ ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókọ̀dá. Hóró kan ló kọ́kọ́ ń lò. Ó di méjì. Ó di mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, ó ń gba orí afárá pákó bọ̀ láti ilé alága, ni oorun bá gbé e, ó sì já sómi. Jákọ́bù tó mọ ìwẹ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó ń rì lọ bí òkúta. Ọpẹ́lọpẹ́ Ṣìkẹ́mi aládùúgbò rẹ̀ tó wà nínú ọkọ̀ lábẹ́ afárá, tó nawọ́ gbá ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Ọmọ́lẹ́wà kò dúró gbọ́ àwíjàre kankan. Bí aṣọ ṣe tutù mọ́ ọn lára, ó mú un wọ ọkọ̀, ó mú fóònù rẹ̀ àti páálí oògùn tó fi sílé dání, ó sì wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìlera, sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Rhoda.

Rhoda yẹ ara Jákọ́bù wò. Ó gba páálí oògùn náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ta ló kọ èyí fún yín?"

"Inú ọkọ̀ ni mo ti rà á."

"Ọkọ̀ kò kàwé oògùn, sà." Ẹ̀rín fẹ́ pa Ọmọ́lẹ́wà, àmọ́ ó gbé e mì. Rhoda tún ní, "Ẹ má dá a dúró lójijì o, ìyẹn náà léwu. Mo máa kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Igbókọ̀dá, òun ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe máa dín in kù. Ó wá kù kí ẹ sọ ohun tó ń lé oorun yín fún mi."

Jákọ́bù na fóònù sí i. "Èyí ló fi ń jí láràárọ̀," ni Ọmọ́lẹ́wà wí.

Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò náà títí. "Bàbá," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, "ẹni tó ń ṣọ́ òkú láràárọ̀, báwo ni yóò ṣe sùn? Ṣé kò sí ohun kan lójú omi yẹn tó ṣì ń mí ni?"

"Wọn ò ní kí n ya ìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ elépo bá rí ẹyẹ nínú fọ́tò wa, wọ́n á ní nǹkan kan ò ṣe wá."

Ẹ gbọ́ nǹkan. Bí ẹyẹ bá bà síwájú fóònù, Jákọ́bù á dúró kó fò lọ tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ń yí ojú kúrò lára ohun tó wà láàyè, kó má baà ba ẹjọ́ ìlú jẹ́.

"Fọ́tò epo, ti ìlú nìyẹn," ni Rhoda wí. "Ẹ fún ìgbìmọ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì yé fi í jí. Láti ọ̀la, kí oòrùn tó yọ, ẹ wa ọkọ̀ jáde, ẹ ya ohun kan péré tó ń mí. Ti yín nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ fóònù. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ gbé e wá ká jọ wò ó."

"Ṣé oògùn nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ti dókítà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn náà ń jẹun."

Lọ́jọ́ kìíní, ẹrẹ̀ nìkan ni Jákọ́bù rí. Ó ti fẹ́ padà nígbà tó rántí pé wọ́n ní kó wò ó dáadáa. Ó gbé àjẹ̀ lé orúnkún, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àfi bí ẹrẹ̀ ṣe mira. Ẹja kékeré kan, tí ojú rẹ̀ yọ sókè àtàrí, ń fi lẹbẹ rẹ̀ wọ́ lọ lórí ẹrẹ̀. Ó dúró, ó na lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, àwọ̀ búlúù tó tò wínníwínní sì ń dán lára rẹ̀. Láti kékeré ni Jákọ́bù ti ń fi irú ẹja yìí sẹ́nu ìwọ̀. Kò wo ojú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó yà á.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó wọ ẹ̀ka odò kan tí epo kò dé. Ìkùukùu bo ojú omi. Ó rí igi ẹ̀gbà kan, tó ta gbòǹgbò sínú omi, tó funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó rò pé òdòdó ló yọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbà kì í yọ òdòdó báyẹn. Nígbà tí oòrùn là, gbogbo igi náà mì, ó sì gbéra nílẹ̀. Lékeléke ni, wọn kò níye. Wọ́n gba orí rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn ìyẹ́ wọn ń fẹ́ ẹ lójú, ọkọ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀, òun náà ń mì. Ó gbàgbé fóònù. Ó gbàgbé epo. "Olúwa mi," ló ń sọ ṣáá, omijé ń bọ́, ara sì ń tù ú.

Nígbà tó rántí fóònù, wọ́n ti jìnnà. Ohun tó rí yà kò ju nǹkan funfun wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run lọ.

"Ìyẹ̀fun ta ló dànù yìí?" ni Ọmọ́lẹ́wà béèrè nígbà tó délé.

"Lékeléke ni." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Ọkùnrin tí kì í sọ gbólóhùn méjì lóòjọ́ sọ̀rọ̀ títí púpurú fi tán nínú àwo, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ dé etí alága. Adégbóyè já wọlé wọn.

"Jákọ́bù, wọ́n ní ẹyẹ lo ń yà kiri. Ṣé o fẹ́ ba ẹjọ́ wa jẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà fọ́tò epo wà lọ́wọ́ yín, ẹyọ kan ò dín. Èyí ni ohun tí à ń jà fún. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti kú, kí la tún ń bá wọn fà?" Ó gbé fọ́tò ẹja orí ẹrẹ̀ sí i lójú.

Adégbóyè gba fóònù. Ó wo ẹja, ó wo àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ náà. Nígbà tó máa dìde, kò wo ojú Jákọ́bù.

"Ìgbà wo lo máa ń jáde?"

"Kí oòrùn tó yọ."

"Wá pè mí lọ́la." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ páálí oògùn kan. Irú ti Jákọ́bù gẹ́lẹ́ ni. "Kí a sì gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn kọjá. Èmi náà ò sùn láti ọjọ́ tí páìpù ti bẹ́."

Ẹ̀yin ará wa létí omi, ìdààmú kì í ṣe ìtìjú. Bí oorun bá ti ń sá fún ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wù ọ́, tí àyà rẹ ń já, gba ilé ìlera lọ. Má ra oògùn oorun nínú ọkọ̀ tàbí lórí àtẹ, má sì dá èyí tí o ti ń lò dúró láì bi dókítà. Bí ó bá ń ṣe ọ́ bíi pé kí o kú, sọ fún ẹnì kan lónìí yìí, má dúró dọ̀la. Bó bá jẹ́ aládùúgbò rẹ ló ti dákẹ́ jù, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí o sì jáde lọ wo ohun tó ṣẹ́kù. Bí o ní fóònù, yà á. Bí o kò ní, ojú rẹ tó. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹ̀rí ohun tí wọ́n bà jẹ́ àti oúnjẹ ọkàn. Tọ́jú méjèèjì, ṣùgbọ́n mọ èyí tí wàá fi jí láàárọ̀.