Ojú Rose Kì í Ṣe Pátákó Ìpolówó

Tàntí Àìṣát já gèlè kúrò lórí, ó sọ ọ́ sórí káńtà bí ẹni ń sọ òkò.

"Òfin, òfin, òfin! Wọ́n fi òyìnbó pa wá láti àárọ̀. Ọkùnrin kan gbé kóòtù wọ̀ sọ́rùn nínú ooru yìí, ó dúró níwájú gbogbo àwa onífóònù Èjìgbò, ó ń da gírámà bolẹ̀. Àwa ń mi orí bí alángbá. Nígbà tó parí, mo ní, 'Ọ̀gá, kí wá ni ká ṣe?' Àfi bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ gírámà mìíràn!"

Jàmílàt, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni. Kò tíì bọ́ bàtà.

"Ẹ kú ìnira, Tàntí. Kí lẹ wá gbọ́ nínú rẹ̀?"

"Ohun tí mo gbọ́ ni pé fọ́tò oníbàárà kò gbọdọ̀ jáde mọ́. Nọ́ńbà wọn kò gbọdọ̀ jáde. Ẹni tó bá rú òfin náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù á gba maṣínnì símù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti òní lọ, fọ́tò kankan kò gbọdọ̀ kan sítátọ́ọ̀sì. Sẹ́ finí! Ó parí!"

Àbíjàn ni Tàntí ti lo ìgbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló ti mú orúkọ Tàntí bọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́hùn-ún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì tí ọkọ̀ Àbíjàn ti ń gbéra. Ó ń bá ènìyàn forúkọ símù sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn ọmọ Èjìgbò tó wà ní Kodifuá, orílẹ̀-èdè tí Àbíjàn wà, gba ẹrù tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sílé. Bí ẹrù bá dé, ẹni tó ni ín á dúró tì í, á rẹ́rìn-ín, Jàmílàt á ya fọ́tò, á kọ orúkọ onítọ̀hún àti ìlú rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á gbé e sí sítátọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀bù lórí Wọ́sáàpù. Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ á fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìyá òun ló gbà á, kì í ṣe àbúrò tó lè tà á jẹ. Tilé-toko ló ń wo sítátọ́ọ̀sì yẹn. Àwọn ìyá mìíràn á wẹ̀, wọ́n á kun àtíkè, kí wọ́n tó wá gba páálí ọṣẹ.

Inú ti ń bí Tàntí sí òfin tipẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn so nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́ símù, àwọn àgbẹ̀ Màsífà wá tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Oko ti họ ìlà ìka wọn dànù, maṣínnì kò mọ ọwọ́ wọn mọ́. Símù wọn kú, Tàntí ni wọ́n bú. Àwọn tó ṣòfin kò sí níbẹ̀ kí wọ́n wá gba èébú tiwọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí òfin tuntun yìí dé, Tàntí kò wádìí rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rù rẹ̀ ni, ó sì fi ìbẹ̀rù dá gbogbo fọ́tò dúró.

Ọjà kú. Àwọn ará Àbíjàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé kí ni Àìṣát ń fi pamọ́. Gàníyù tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì kò dá fọ́tò tirẹ̀ dúró, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń darí ẹrù sí. Al-Ameen, ọmọ Gàníyù, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú Jàmílàt. Kò jẹ́ kó sinmi.

"Ẹ yà fún Ìyá Òfin o!" Bó ṣe máa ń kí i nìyẹn. "Ṣé mo lè wo ojú rẹ, àbí kí n kọ́kọ́ kọ̀wé wá?"

Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

"Al-Ameen, lọ wẹ ẹnu rẹ."

"Ẹnu mi mọ́. Ṣọ́ọ̀bù yín ni eṣinṣin ti ń forúkọ símù sílẹ̀."

Jàmílàt á gbé e mì. Bó bá délé, á tún bá Tàntí níbi tó jókòó sí tó ń bú ìjọba, tó ń bú Gàníyù, tó ń bú ọkùnrin oníkóòtù yẹn, tí yóò sì parí rẹ̀ pé òun máa ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹ̀rọ ìránṣọ kan dé láti Àbíjàn, tuntun, ó ń dán gbinrin. Rose ló ni ín. Rose ń gbé Ìsundùnrìn pẹ̀lú Àánú ọmọ rẹ̀ kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kó lè fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tàntí ti jáde, Rose àti Jàmílàt nìkan ló tú páálí náà, Rose sì dì mọ́ ẹ̀rọ náà bí ẹni dì mọ́ ènìyàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Jàmílàt gbé fóònù sókè.

"Má yà mí!" Rose fi ọwọ́ bojú.

"Kí ẹ̀gbọ́n yín lè rí i ni, Àǹtí Rose."

Rose rò ó díẹ̀. "Ó dáa. Fi ránṣẹ́ sí òun nìkan. Má gbé e síta, Jàmílàt. Ẹnì kan wà ní Àbíjàn tí kò gbọdọ̀ mọ ibi tí mo wà. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ó ya fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n, Rose gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ohun tí mo ń sọ yìí kì bá tí sí.

Kò pẹ́ tí Rose lọ ni ọkọ̀ kan já ẹrù sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Gàníyù. Àwọn ìyá mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ oníbàárà Tàntí tẹ́lẹ̀ tò síbẹ̀, wọ́n ń tún gèlè ṣe fún fọ́tò. Al-Ameen wo Jàmílàt láti òdìkejì títì. Ó gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó tẹrí ba fún un bí ẹni ń kí ọba, ó sì fi ọwọ́ lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀.

Àyà Jàmílàt gbóná. Ó wo fọ́tò Rose. Kò sí fọ́tò tó dára tó o láti ìgbà tí wọ́n ti ń yà á. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbínú ọmọ náà kò ro Rose rárá, Al-Ameen nìkan ló ń rò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé: "Rose, Ìsundùnrìn, ẹrù ayọ̀ ti dé! Ṣọ́ọ̀bù Tàntí Àìṣát kò tíì kú!" Ó sì gbé e síta.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ènìyàn ti ń fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ara wọn káàkiri Àbíjàn. Wọ́n ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù Àìṣát ti padà. Ẹrù tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tàntí, tí kì í fọwọ́ kan fóònù ṣọ́ọ̀bù, rò pé àdúrà òun ló gbà. Jàmílàt jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé orí sókè lọ sílé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí Tàntí àti ọmọ tó ń ya fọ́tò tẹ̀ lé òun. Ọkùnrin kan ti dé láti Àbíjàn, orúkọ rẹ̀ ni Olúrántí. Ó lọ sí Ìsundùnrìn, ó fẹ́ já ọmọ gbà lẹ́yìn Rose, Rose kígbe, àwọn aládùúgbò sì kó gbogbo wọn wá sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìgbà yẹn ni Jàmílàt tó sọ ohun tó ṣe. Tàntí dúró sójú kan lójú ọ̀nà, ó wò ó.

"O pa mí," ló wí. "Mo ní fọ́tò kankan kò gbọdọ̀ jáde. Jàmílàt, o pa mí!" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ó gbà. Sọ pé ó mi orí. Ẹ̀yin méjì lẹ wà níbẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí. Tí o bá sọ pé kò gbà, maṣínnì símù lọ nìyẹn, kí la fẹ́ máa jẹ?"

Jàmílàt yára tẹ̀ lé ọlọ́pàá náà tó ti ṣáájú wọn lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Olúrántí jókòó, ó wọ aṣọ olówó iyebíye, òórùn dídùn ń jáde lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Ọ̀gá mi," ó ń sọ fún ọlọ́pàá obìnrin tó wà lórí àga, "ọkùnrin àlàáfíà ni mí. Ìdílé ni ìpìlẹ̀ ayé. Obìnrin yìí sọ fún yín pé mo ń nà án, pé òun ń sá fún mi. Ẹ wò ó." Ó na fóònù rẹ̀ síwájú. "Ṣé báyìí ni ẹni tó ń sá ṣe ń rí? Ó gbé ojú rẹ̀ síta, ó kọ orúkọ ìlú tó wà, ó ń rẹ́rìn-ín! Ìyàwó tó gbé ọmọ mi sá láìnídìí ni. Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ mi máa lọ."

"Èmi kọ́ ni mo gbé e síta!" Rose pariwo. Ó di Àánú mú débi pé ọmọ náà ń sunkún. "Mo ní kó má gbé e síta!"

"Ẹnu ni gbogbo ènìyàn ń fi sọ ọ́," Olúrántí dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọlọ́pàá náà kọjú sí Jàmílàt. "Ìwọ lo gbé e síta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ó gbà kí o gbé e síta?"

Tàntí wú ikọ́. Jàmílàt wo maṣínnì símù lọ́kàn rẹ̀, ó wo Tàntí tó ń bọ́ ọ, tó ń ra ìwé fún un. Ó wá wo ọwọ́ Rose lára ọmọ rẹ̀. Ó hàn sí i kedere pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu òun lè já ọwọ́ yẹn kúrò.

"Kò gbà," ló wí. "Ó ní kí n má gbé e síta. Ó ní ẹnì kan wà ní Àbíjàn tí kò gbọdọ̀ mọ ibi tí òun wà. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Inú ló bí mi sí ẹlòmíràn, mo sì gbé e."

Ẹ̀rín kúrò lójú Olúrántí. "Ìwọ ọmọ ìranù yìí!" Ó dìde fùú, ó sì gbé ọwọ́ láti gbá a. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rí ọwọ́ náà lókè. Ó rántí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Jókòó," ọlọ́pàá obìnrin náà wí. "Ilé ẹjọ́ ni kí o gbé ọ̀rọ̀ ọmọ lọ. Lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló máa wà. Bí mo bá sì gbọ́ pé o tún dé Ìsundùnrìn, inú àtìmọ́lé ni a ti máa bára wa sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ fún Rose pé ó lè fi ọ̀rọ̀ fọ́tò náà sùn, nítorí òfin wà fún un. Rose ní òun máa fi sùn. Tàntí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Òfin yìí náà! Wọ́n ní ká má ya fọ́tò mọ́, iṣẹ́ mi bàjẹ́. A yà á, iṣẹ́ mi tún bàjẹ́!"

"Ta ló ní kí ẹ má ya fọ́tò, mà?" ọlọ́pàá náà bi í. "Òfin ní kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ojú. Tó bá gbà, ẹ gbé e síta. Tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀."

Tàntí gbójú sókè. "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?"

"Èyí tó kàn yín nínú rẹ̀ nìyẹn."

"Ọkùnrin oníkóòtù yẹn fi odidi àárọ̀ kan sọ ọ́, kò lè sọ èyí!" Ìbínú gbẹ omijé lójú rẹ̀. "Àwọn ìyá tó ń kun àtíkè yẹn, ṣé wọ́n á kọ̀ ni tí mo bá bi wọ́n? Mo ti ọjà ara mi pa nítorí gírámà!"

Níta, Jàmílàt kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Rose. Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́."

"O pa á rẹ́ lójú ta?" Rose kò fà á dìde. "Ṣé o pa á rẹ́ lójú Olúrántí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba aṣọ àkọ́kọ́ tí mo máa rán. Ní báyìí mo tún ní láti kó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí, nítorí pé ìwọ àti ọmọ kan ń bára yín ṣe yẹ̀yẹ́. O sọ òótọ́ lónìí. Ó dáa. Àmọ́ mo ti sọ òótọ́ fún ọ kí o tó tẹ fóònù yẹn."

Ó gbé Àánú pọ̀n, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Lẹ́yìn tí Rose fi ẹjọ́ náà sùn, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wá gba maṣínnì símù lọ́wọ́ Tàntí. Gàníyù gbọ́, ó sì pa gbogbo fọ́tò tirẹ̀ rẹ́ láàárín wákàtí kan. Al-Ameen kò pe ẹnikẹ́ni ní Ìyá Òfin mọ́. Ẹrù Àbíjàn nìkan ló kù fún Tàntí láti máa fi jẹun, ojú ń pọ́n wọn, Jàmílàt sì ń tọrọ ìwé lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ láti kà fún ìdánwò rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí. Bí ènìyàn bá sọ fún ọ pé rárá, rárá ni. Orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ibi tó ń sùn, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí ìwọ lè fi polówó ọjà tàbí fi dá ọ̀tá rẹ lóhùn. Bí òfin tuntun bá dé, má bú u, má sì sá fún un kí o tó mọ ohun tó wí. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá ń sọ gírámà, dìde dúró, kí o ní kó sọ ọ́ kó yé ọ. Má jókòó mi orí. Rose ló san gbèsè orí tí Tàntí mì àti ìbínú tí Jàmílàt kò lè kó níjàánu, bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.