Ẹni Tó Ń Kọ Apá Jésù

Ogún ọdún ni káfíńtà kan fi kọ apá Jésù nínú orin Ìjìyà Olúwa tí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn máa ń kọ lọ́jọ́ Ẹtì Rere. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kan, ọ̀gá akọrin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, gbé apá náà fún dókítà eyín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wọn.

“Ohùn rẹ ti ń gbọ̀n, ọ̀rẹ́ mi. Bọ́ sáàárín àwọn tó ń kọ apá èrò.”

“Èmi tí mo fi dò-rè-mí sí ọ lẹ́nu! Kí n wá máa pariwo ‘ẹ kàn án mọ́gi’ lẹ́yìn ayọ-eyín?”

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ọ̀rẹ́ òun ti dalẹ̀ òun.

Ó kọ lẹ́tà sí alùfáà, kò fọwọ́ sí i: ọtí ni ọ̀gá akọrin ń mu kó tó wá sí ìdánrawò. Irọ́ gbuu ni. Alùfáà kò wádìí kó tó gba ìdarí lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní kó lọ jókòó sáàárín akọrin. Àwọn ènìyàn kò kí i mọ́. Dókítà eyín bínú sí èyí, ó kúrò nínú ẹgbẹ́. Káfíńtà gba apá rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ẹtì Rere pé. Nínú orin náà, Jésù á sọ nídìí oúnjẹ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun yóò da òun. Àwọn akọrin á sì kọjú sí i, wọn á bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kan ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wò ó lójú, ó kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

“Olúwa, ṣé èmi ni?”

Ó kan káfíńtà láti dáhùn. Dùrù ń dúró dè é.

“Rárá,” ni ó wí, kò kọ ọ́ lórin. “Èmi ni. Èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Irọ́ ni mo pa.”

Ó sá wọ yàrá aṣọ akọrin. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e.

“Lù mí,” ni káfíńtà wí.

“O dà mí. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ogún ọdún lo fi sọ̀rọ̀ ní ipò Jésù. Ṣé o ti bá a sọ̀rọ̀ rí?”

“Rárá.”

“Ó yá, bẹ̀rẹ̀.”

Káfíńtà kúnlẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe. Ó ní kí Jésù gba òun. Nígbà tó dìde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ sí i.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, o lè mọ ìjìyà Jésù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o má sì mọ Jésù. Ìwọ náà ti dà á. Síbẹ̀ ó kú fún ọ. Má dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un. Kò ní lé ọ.