Ìrìn Ọjọ́ Kan Lọ́dún Kò Tó fún Alátọ̀gbẹ

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, gbogbo wa la máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìlú Cartago, lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mímọ́, ìyá Olúwa wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Láti ìlú wa, Desamparados níbí, ó tó wákàtí márùn-ún gbáko.

Èmi Elieth, tí ìdí mi fẹ̀ ju àga lọ, n kò pa á jẹ rí. Ọdún mọ́kànlá ni àtọ̀gbẹ ti ń bá mi gbé, ìrìn yẹn nìkan sì ni eré ìdárayá mi. Ọjọ́ kan péré! Ọjọ́ tó kù, èmi àti àga ni.

Lọ́dún tó kọjá, mo dé Cartago lóòótọ́, àmọ́ gìgísẹ̀ mi bó. Oṣù mẹ́rin ni egbò náà fi kọ̀ tí kò jinná. Dókítà ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún yìí, Yorleny, nọ́ọ̀sì tó ń wọlé kiri ládùúgbò wa, bá mi níta.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ṣé ẹ ti ń rìn?"

"Ọmọ mi, mo ń tọ́jú agbára mi de oṣù kẹjọ."

Ólger, ọkọ mi, bú sẹ́rìn-ín. "Agbára wo? Gbogbo ẹ̀ ti wọ̀dí lọ!"

"Ìdí yìí náà lẹ rí tẹ́ ẹ fi fẹ́ mi. Ẹ panu mọ́!"

Yorleny rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. "Màmá, bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń bí nǹkan kan tó dà bí ìpẹtà. Á máa jẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀. Ara ní àwọn agbálẹ̀ tirẹ̀ tó ń gbá a dànù, àmọ́ àtọ̀gbẹ ti dá wọn lágara."

"Ṣebí ìrìn ń ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Ìrìn díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, ló ń sọ wọ́n di alágbára. Ẹni tó bá jókòó lọ́dún gbáko, tó wá rin wákàtí márùn-ún lójijì, ìpẹtà ló ń dá kún."

"Ṣé Ìyá Mímọ́ wá ń bínú sí mi ni?"

"Inú wọn dùn sí yín, Màmá. Ẹsẹ̀ yín ló ń bínú."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ólger dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí pápá bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Arúgbó mi, ṣé kí n pọ̀n ẹ́?"

"Ẹ̀yìn yín á kán, bẹ́ẹ̀ mo ṣì nílò ẹ̀yìn yẹn."

Díẹ̀díẹ̀ la ń fi kún un. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, a ti ń rin ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́, ṣúgà mi sì ti wálẹ̀. N kò fi oògùn mi sílẹ̀ o!

Nígbà tí ọjọ́ pé, Yorleny ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti Tres Ríos, ìlú tó wà ní ìdajì ọ̀nà, kí n sì máa sinmi. A dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ólger kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ló ń gbà, àṣé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló ń yẹ̀ wò.

"Kò sí egbò kankan," ló wí. Ojú ẹ̀ kún fún omijé. Èmi náà wá ń sunkún.

Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ bíi tèmi, ẹ má fi ìrìn pamọ́ de ọjọ́ ńlá. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yín níbi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín, ẹ wọ bàtà tó gbà yín dáadáa, ẹ fi nǹkan dídùn díẹ̀ sápò, bóyá ṣúgà yín á wálẹ̀ jù lọ́nà tí òòyì á fi kọ́ yín, ẹ sì máa yẹ ẹsẹ̀ yín wò lójoojúmọ́. Bí ojú yín ò bá tó o mọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ràn yín kúnlẹ̀ bá yín wò ó.