Ẹ̀dọ̀fóró Tó Mọ́ Jù

Ìbòmú bo ojú káfíńtà náà dé abẹ́ ìpéǹpéjú, lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú irun rẹ̀, nítorí náà inú àyà rẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán nílé ìwòsàn kọ́kọ́ rí, kó tó rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró tó ń wọnú ihò ẹ̀rọ síìtí, èyí tó ń ya àwòrán inú ara. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù bó ṣe ń sọ fún gbogbo èèyàn.

"Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dúró. Ó yá, ẹ mí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ohùn yín ń ṣe mí bí oògùn."

"Ọ̀dọ̀ dókítà ni oògùn wà. Ẹ má mira."

Àwòrán náà jáde ní ìpele-ìpele bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ihò kan là sílẹ̀, àwọn èèhù wẹ́wẹ́ sì yí i ká bí orí ẹ̀ka igi tó ń rúwé. Ikọ́ ife ni. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sọ bákan náà.

Oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn. Ọjọ́ tó bá wá gbà á, á yà sójú fèrèsé ọmọbìnrin náà.

"Olóhùn oyin, ẹ̀dọ̀fóró mi ní kí n kí ẹ."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́. Kó máa lọ sílé."

Nígbà tí dókítà sọ pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti mọ́, ó bọ́ ìbòmú. Ọmọbìnrin náà rí èéjí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Ìyá ọmọbìnrin náà ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ikọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́ ló pa ọkọ rẹ̀. "Kó lọ ya àwòrán mìíràn kí n rí i. Kì í ṣe lọ́dọ̀ rẹ o! Ìfẹ́ ti dí ẹ lójú."

Lọ́sẹ̀ kejì, káfíńtà gbé àpòòwé ńlá kan wá sí pálọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ wà lára fíìmù àwòrán tó wà nínú rẹ̀. Ìyá gbé e sójú iná, kò rí àbàwọ́n kankan, ó mí kanlẹ̀.

Ara fu ọmọ rẹ̀. Ihò tó tóbi tó yẹn kì í jinná kó má fi àpá sílẹ̀. Ó tẹ̀lé ọkùnrin náà jáde.

"Ta ló ni ẹ̀dọ̀fóró yẹn?"

"Kí lo wí?"

"Mo mọ tìẹ bí ìyá ṣe ń mọ ojú ọmọ. Èyí kọ́."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ lórúkọ mi. Ẹ̀rù bà mí pé bí ìyá rẹ bá rí àpá, wọ́n á ní àìsàn ṣì ni."

"Àbí àìsàn ṣì ni lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ báyìí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó mọ́ yẹn, tìẹ ni? Bàbá mi pàápàá, ikọ́ tirẹ̀ ló fi pamọ́, kò yá ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíì!"

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọbìnrin náà fi ń sá fún un. Gbogbo ikọ́ kéékèèké tó ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló ń tún gbọ́ létí: ṣé eruku pákó ni, àbí nǹkan mìíràn?

Lọ́jọ́ Ajé, ọkùnrin náà mú ìwé dókítà wá sí yàrá ẹ̀rọ. "Wo inú mi. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ká jọ rí i."

"Ẹ fa èémí sínú," ni ọmọbìnrin náà wí, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ dúró." Ó tẹ bọ́tìnnì.

Dókítà gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kọ̀ǹpútà sì wọn ibi tí ihò wà. Ó ti pa dé. Kò sí èèhù kankan mọ́, àfi ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú.

"Àpá lásán ni," ni dókítà wí. "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tuntun náà mọ́. Ara rẹ̀ ti yá."

Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán náà lọ bá ìyá. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ti ìjọ́sí. Tèmi rèé, tòun tàpá ẹ̀."

Ìyá gbé àwòrán náà sójú iná, ó rí àpá náà. "Ká ní bàbá ọmọ yìí fi tiẹ̀ hàn mí ni..." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Àmọ́ mò ń ṣọ́ ẹ o."

"Ẹ máa ṣọ́ mi, Màmá."

"Àti ẹ̀gbọ́n ẹ yẹn!"

Lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà rọra béèrè pé, "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà gbé etí lé àyà rẹ̀, lókè lápá ọ̀tún, ibi tí àpá wà gan-an.

"Fa èémí sínú."

Ó fà á.

"Dúró."

Ó dúró, ó dúró, títí ojú rẹ̀ fi ń pọ́n.

"Ó yá, mí. Mo gbà."